Ojú Tí Ìlú Fún Olómi

Mo gbé àpò pí-ó-pí lé èjìká wọlé, mo sì bá ọkùnrin kan lórí àga tí àwọn tí a fẹ́ fi amọ̀ mọ ojú wọn máa ń jókòó lé. Bàtà rẹ̀ ń jò. Omi ti yí ẹsẹ̀ àga náà ká, ó ti ń wá ọ̀nà lọ sábẹ́ tábìlì. Mo bojú wẹ̀yìn wo ìta. Oòrùn mú, eruku ń sọ, òjò ò tíì kán láti ìgbà tí mo ti ṣe ìdánwò àṣekágbá.

Kò wò mí. Orí ère tuntun tó wà lórí pèpéle láàárín yàrá ló ń wò, orí funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú mọ́ọ̀dù. Ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ: ó wo iwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó na ọrùn wo ẹ̀yìn etí.

"Ta ló ni ojú yìí?" ó bi mí.

Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Mo fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi níwájú àlejò. Bó ṣe ń ṣe mí láti kékeré nìyẹn. Kí n tó sọ àpò kalẹ̀, kí n nu ẹnu, kí n wá ohun tí mo máa sọ, ó ti dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ló ń rùn, ẹrẹ̀ ibi tí oòrùn kì í dé. Nígbà tí mo yọjú síta, ojú títì gbẹ, kò sí ipasẹ̀ kankan níbẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ló ni ilé iṣẹ́ náà. Bàbá kékeré ni mo ń pè é. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Alámọ̀, nítorí amọ̀ ò kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ rí. Ère ló ń ṣe. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ tí mi ò rí ibi lọ, ó ní kí n wá máa bá òun po pí-ó-pí, sìmẹ́ńtì funfun tó máa ń tètè gan yẹn, kí n sì máa fi sàǹpépà ha imú àwọn èèyàn ńlá. Adákẹ́ ló sọ mí. Ó ní ẹnu mi wúwo ju àpò tí mò ń gbé lọ.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa nígbà náà ló tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láyé. Ìlú wa ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n sì fẹ́ to orí àwọn tó sọ ìlú di ìlú sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀: ìyá tó dá ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ sílẹ̀, adájọ́ tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi òru wó ilé ẹlòmíràn mọ́, ọkùnrin tó fi okùn wọn gbogbo títì tí a ń rìn lónìí. Àwọn wọ̀nyí ní fọ́tò. A gbé fọ́tò wọn síwájú, a sì mọ orí wọn. Olómi nìkan ni kò ní.

Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú wa tí kò mọ Olómi. Òun ló mọ ògiri dí odò lókè lọ́hùn-ún, tó fi omi sínú páìpù, tí ẹ̀rọ omi fi dé ojúlé. Olùkọ́ wa máa ń sọ pé ẹni tó da omi síwájú ni, pé gbogbo wa ló ń tẹ ilẹ̀ tútù rẹ̀. A máa ń kọrin rẹ̀ láàárọ̀ kí a tó wọ kíláàsì:

Olómi dé, àmù wa kún,
Òùngbẹ kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ṣùgbọ́n bí o bá béèrè pé báwo ni Olómi ṣe rí, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ará gbọ̀ngàn, àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún wa, wá ilé, wọ́n wá oko, wọn ò rí àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n wá sọ fún Bàbá kékeré pé kó lo ọgbọ́n orí rẹ̀, kó ṣáà ti jẹ́ ojú ọkùnrin tó ṣeé bọ̀wọ̀ fún.

Ojú bàbá mi ni Bàbá kékeré lò.

Òrùlé ni bàbá mi ń kàn nígbà ayé rẹ̀. Ó kú nígbà tí mo ṣì ń rá. Nígbà tí Bàbá kékeré ń kọ́ṣẹ́, kò rí ẹni tó gbà kó da nǹkan sí òun lójú àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Bàbá mi sùn gbọọrọ sórí ẹní, wọ́n fi ìpara pa á lójú, wọ́n ki ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ bọ ihò imú rẹ̀ kó lè máa mí, wọ́n sì da pí-ó-pí lé e. Ìyá mi ló máa ń sọ ọ́ fún mi. Ó ní ẹ̀rín fẹ́ pa á lábẹ́ ibẹ̀, nítorí ṣe ni àbúrò rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ ṣáá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ rántí bàbá tó bí wa, ẹ má rẹ́rìn-ín." Ó pa ẹ̀rín náà mọ́ra, àmọ́ igun ẹnu rẹ̀ lápá ọ̀tún ká sókè díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe gan. Mọ́ọ̀dù náà ló dára jù nínú gbogbo èyí tí Bàbá kékeré ṣe rí. Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sórí àjà. Nígbà tí bàbá mi kú, kò sí fọ́tò rẹ̀ kan nílé wa tó ṣeé gbé kọ́ ara ògiri. Mọ́ọ̀dù náà nìkan ló kù.

"Ẹ̀gbọ́n mi kan òrùlé fún ìdajì ìlú yìí," Bàbá kékeré sọ fún mi lọ́jọ́ tó sọ ọ́ kalẹ̀. "Ta ló rántí ẹ̀? Òjò ò pa wọ́n, wọ́n sì gbàgbé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa kọjá, wọ́n á máa ṣí fìlà fún un, wọn ò ní mọ̀. Èmi àti ìwọ la máa mọ̀. Ìwọ náà kúkú rèé, ta lo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Inú mi dùn sí i. Mi ò sọ ọ́, àmọ́ inú mi dùn.

Nígbà tí mo sọ fún un nípa ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ ń jò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ó bi ẹ́ pé ta ló ni ojú? Ará ilé Olómi ni. Wọ́n ti gbọ́, wọ́n fẹ́ wá fa wàhálà. Tó bá padà wá, sọ fún un pé bó ṣe rí ló ṣe rí."

"Bàtà rẹ̀ rin, Bàbá kékeré."

"Ṣé èmi ni kí n lọ sá a fún un ni?"

Ìyá mi gbé oúnjẹ wá fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. A ò tíì sọ fún un. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń bú mi bọ̀ pé mo gbàgbé abọ́ mi sílé, pé bí orí mi ò bá lẹ̀ mọ́ ọrùn ni, èmi ì bá gbàgbé orí pàápàá sílé. Ó gbójú sókè, ó rí orí tó wà lórí pèpéle. Ó gbé abọ́ lé orí àpò sìmẹ́ńtì. Ó lọ dúró níwájú orí náà, ó na ìka kan, ó fi kan igun ẹnu tó ká sókè.

"Ẹ káàsán o," ó sọ fún un, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí olóorun.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sán tí kò wá. Mo ṣàkíyèsí pé ó ń di irun rẹ̀ kó tó jáde nílé.

Pí-ó-pí kì í pẹ́ gan. Kí o tó fọ ọwọ́ tán, ó ti le. Bí oòrùn bá ràn án díẹ̀, á gbẹ, á fúyẹ́, bí o bá fi èékánná kàn án, á dún bí abọ́ tánganran. Orí Olómi le, ṣùgbọ́n kò gbẹ. Omi ń sun láti igun ojú rẹ̀ àti láti ihò imú, ó ń kán sórí pèpéle, tó, tó, tó. A gbé e sínú oòrùn pẹ̀lú àwọn yòókù. Ìyá onílé ìwòsàn gbẹ títí ó fi fẹ́ sán. Olómi ń sun omi.

"Ìwọ lo po ó," Bàbá kékeré sọ. "Omi ló pọ̀ nínú ẹ̀."

Mo mọ̀ pé omi ò pọ̀ nínú ẹ̀.

Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ará gbọ̀ngàn wá kan irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ OLÓMI sí mọ́ ìsàlẹ̀ orí náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo ṣílẹ̀kùn ilé iṣẹ́, mo rí i pé ẹrẹ̀ dúdú ti bo ojú bàbá mi. Mo súnmọ́ ọn. Kì í ṣe pé wọ́n ju ẹrẹ̀ lù ú. Ọwọ́ ni. Ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ gun orí ọwọ́: ìka tó gba iwájú orí sọ̀kalẹ̀, àtàǹpàkò tó tẹ ìpéǹpéjú, àtẹ́lẹwọ́ tó di àgbọ̀n mú. Bí afọ́jú ṣe ń fọwọ́ wo ènìyàn kó lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àwọn kan ò ga tó. Ọrùn àti etí ni ọwọ́ wọn dé mọ. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ọ̀kan nínú ti ìsàlẹ̀ yẹn. Kò tó ìdajì tèmi. Ọwọ́ ọmọ tí kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́ lọ ni.

Èmi ni mo máa ń mú kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ lọ sílé. Ìdí tí Bàbá kékeré fi gbá mi létí nìyẹn.

"Kí ni bàbá ẹ fi ṣe ẹ́?" ó pariwo. "O ò lè la ẹnu bá alààyè jà, òkú lo wá dójú lé!"

"Èmi kọ́."

"Ta ni? Ṣé kọ́kọ́rọ́ bọ́ lápò ẹ, ó ń dá rìn kiri ni?"

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ju kànrìnkàn lù mí láyà. Mo fọ ojú bàbá mi. Ẹrẹ̀ náà tutù wọ egungun, ó sì ń rùn bí ọkùnrin orí àga. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ó tún wà níbẹ̀, ó pọ̀ ju ti àná lọ.

Mo jọ bàbá mi. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dá irùngbọ̀n sí nígbà náà, ojú mi wà ní gbangba, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sì ń sọ pé mọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n ti yọ wá. Tí mo bá ṣíwọ́, mo máa ń dúró fọ ẹsẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi tó wà ní igun òpópónà wa. Lọ́jọ́ kan, oòrùn ò tíì wọ̀, mo bá obìnrin kan níbẹ̀. Ó pọn ọmọ, ó fa ọmọ mìíràn lọ́wọ́. Mo rò pé aṣọ ló wá fọ̀, nítorí ìró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí. Ṣùgbọ́n kò gbé ike dání. Ó ń wo ojú mi. Ìtìjú ò jẹ́ kí n wò ó padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Ẹrẹ̀ dúdú wà láàárín àwọn ìka rẹ̀.

"Wò ó dáadáa," ó sọ fún ọmọ tó fà lọ́wọ́. "Ṣé òun nìyẹn?"

Ọmọ náà na ọwọ́ sókè sí àgbọ̀n mi. Mo yẹra.

"Kò tíì dàgbà tó," ọmọ náà sọ. "Àmọ́ ó jọ ọ́."

Èyí tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ò gbé orí sókè. Mi ò dúró pa ẹ̀rọ omi.

Nígbà tí mo délé, ilẹ̀kùn wa ò ṣí. Ìyá mi ló jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó fẹ̀yìn tì í. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé èmi ni lóòótọ́ kó tó dìde fún mi. Ó ní oorun gbé òun lọ lọ́sàn-án, òun sì rí bàbá mi.

"Ó ń sáré," ó ní. "Bàbá ẹ tí kì í sáré fún òjò. Ó ń kan ilẹ̀kùn yìí, ó ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n ṣí i. Mo ní, kí ló lé yín? Ó la ẹnu, ẹrẹ̀ ló ń jáde níbẹ̀. Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ mi. Wọ́n pọ̀. Wọn ò sáré o. Wọ́n kàn ń rìn bọ̀ ni, bí ẹni tó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń lé ò níbi sá sí."

"Ṣé ẹ ṣílẹ̀kùn?"

"Mo jí kí n tó débẹ̀."

Ilẹ̀ iwájú ilẹ̀kùn wa rin gbingbin. Mo ti rí i kí n tó kanlẹ̀kùn. Mi ò sọ ọ́ fún un.

Nígbà tó wá sí ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò di irun, kò gbé abọ́ kankan dání. Ó kọjá lára orí náà láì wò ó, ó lọ bá Bàbá kékeré nídìí tábìlì.

"Ọkọ mi, ẹ fọ́ ọ."

"Ìyàwó wa, kí lo wí?"

"Mo ní ẹ fọ́ ọ. Ẹni tó sùn jẹ́jẹ́ lẹ jí. Ẹ ò mọ ohun tí Olómi ṣe láyé, ẹ gbé ojú ọkọ mi wọ̀ ọ́. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ṣé ẹ mọ ẹni tó máa ń bà?"

"Ohun tí Olómi ṣe ni pé ó fún ẹ lómi mu! Ọ̀la ni wọ́n ń ṣí gbọ̀ngàn. Ọ̀la ni ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó wọn. Kí n wá sọ fún wọn pé kí ni? Pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lá àlá?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ àti ọmọ ẹ, ẹ ò fẹ́ kó gbayì. Ó kú láìní fọ́tò, ẹ fẹ́ kó tún kú láìní ojú. Èmi nìkan ni mo fẹ́ràn ẹ̀ nínú ilé yẹn. Ẹ máa lọ!"

Ó dúró síwájú orí náà, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń dènà fún ewúrẹ́. Mo rí ẹ̀wù rẹ̀ nígbà tó na apá. Ẹrẹ̀ dúdú wà ní etí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ṣì tutù. Òun náà ti fọ ẹrẹ̀ kúrò lójú ère náà kí n tó dé.

Ìyá mi rí i. Ó pòṣé, ó lọ.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ wá, Bàbá kékeré wọ ẹ̀wù tuntun. Ó ní kí n fi fóòmù wé àwọn orí náà níkọ̀ọ̀kan, òun ń lọ dúró ní ojú títì kí awakọ̀ má baà ṣìnà. Ó nàka sí mi láti ẹnu ọ̀nà.

"Tí mo bá dé tí ohunkóhun ti ṣe é, Adákẹ́, ilé ìyá ẹ lo máa jókòó sí títí irun ẹ á fi funfun."

Mo wé adájọ́. Mo wé ìyá onílé ìwòsàn. Òṣùpá ọ̀sán wà lójú fèrèsé, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níta, mo sì ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán lẹ́yìn mi, tó, tó. Mo ń gé fóòmù ti Olómi lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé ìró náà ti di méjì. Mo yíjú padà. Ọkùnrin náà wà lórí àga.

Mo rántí ohun tí Bàbá kékeré ní kí n sọ. Mo fi agbára tì í jáde lẹ́nu.

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé bó ṣe rí ló ṣe rí. Tí ojú yìí ò bá tẹ́ ẹ̀yin ará ilé rẹ̀ lọ́rùn—"

"Ta ló sọ pé kò tẹ́ mi lọ́rùn?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mi ò wá jà, ọmọ. Mo wá dúpẹ́ ni."

Ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Mo wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì rí i pé mi ò lè di ojú náà mú. Bí mo bá wo imú, ẹnu á bọ́ lọ́kàn mi. Bí mo bá padà sí ẹnu, mi ò rántí imú mọ́. Kò sí ibì kan lára ojú náà tí ènìyàn lè so ọkàn mọ́.

"Wọ́n ń kọ́ yín lórin ẹ̀rọ omi nílé ìwé," ó ní. "Ṣé wọ́n ń kọ́ yín lórin abúlé tó wà nínú kòtò odò?"

Mo mi orí pé rárá.

"Apẹja ni wọ́n, àwọn obìnrin wọn ń mọ ìkòkò. A ní kí wọ́n kó kúrò, wọ́n ní àwọn ń kó. Wọ́n ń di ẹní, wọ́n ń wá adìyẹ. Àwọn èèyàn ńlá ti jókòó lókè ògiri, wọ́n fẹ́ wo bí omi ṣe máa kún, fèrè ti ń dún. Ṣé kí n wá ní kí wọ́n máa lọ sílé nítorí àwọn tó ń lé adìyẹ? Mo ti ilẹ̀kùn tí odò ń gbà jáde lára ògiri."

Ohùn rẹ̀ ò yí padà. Níta, ọmọ kan gbá bọ́ọ̀lù wọlé, àwọn yòókù hó yèè.

"Fọ́tò tí ẹ̀ ń wá, èmi fúnra mi ni mo dáná sun ún. Gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti kú ni wọ́n ti ń wá mi. Wọn ò rí mi sójú rí; òkè ni mo wà nígbà tí omi ń bò wọ́n. Orúkọ ni wọ́n gbọ́, orúkọ ò sì ní ojú. Mò ń rìn láàárín wọn. Wọ́n máa ń bi mí pé, 'Bàbá, ẹ ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Olómi?' Mo máa ń sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ ọ́n." Ó fi fìlà nàka sí orí tó wà lórí pèpéle, sí irin tí orúkọ wà lára rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ wá fi hàn wọ́n. Inú omi ṣókùnkùn; ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran. Wọ́n ti wá, wọ́n ti fọwọ́ pa á. Ṣé o ti rí wọn? Ó yẹ kó o ti rí wọn."

Ìyá mi ni mò ń rò, àti bàbá mi tó ń kan ilẹ̀kùn tí ẹrẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, bàbá mi tí kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni rí láyé, tó jẹ́ pé òrùlé ló fi ń bo àwọn èèyàn lórí. Òòlù wà lórí tábìlì. Mo mú un.

Ọkùnrin náà ò dìde. Ó kàn ń wò mí bí ó ṣe wo orí yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn etí.

"Bí mo bá fọ́ ọ," mo ní, "bàbá mi ńkọ́?"

"Á sinmi. Ibi tí ojú bá wà ni wọ́n ti lè mú ènìyàn. Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n á fi í sílẹ̀." Ó gbọn omi kúrò lára fìlà rẹ̀. "Àmọ́ ojú náà ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n á wá a lọ síbi tó bá kù sí. Ẹni bíni là á jọ, àbí wọn ò kọ́ yín ní ìyẹn nílé ìwé? Èyí tó wu ìwọ ni kó o ṣe. Méjèèjì, kò kàn mí."

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Mo gbọ́ ohùn Bàbá kékeré: "Máa bọ̀, máa bọ̀, fà á sọ́tùn-ún! Adákẹ́! Ṣí géètì!"

Mo wo igun ẹnu tó ká sókè náà. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá mi," mo sì gbé òòlù sókè.

Imú ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ìpéǹpéjú, lẹ́yìn náà ni àgbọ̀n tí wọ́n ti dì mú tó bẹ́ẹ̀. Mo fọ́ ọ títí kò fi sí ibi kan tí ènìyàn lè fọwọ́ pa kó sọ pé ojú ni. Èérún kan fò wá síbi ẹsẹ̀ mi. Mo mú un. Ibi ẹ̀rín náà ni. Ó gbẹ, ó fúyẹ́, mo fi èékánná kàn án, ó sì dún bí tánganran.

"Adákẹ́! Kí lò ń fọ́ níbẹ̀ yẹn? Adákẹ́!"

Ọkùnrin náà dìde. Ó wo bàtà rẹ̀. Awọ bàtà náà ti gbẹ, eruku ti bà á. Ó fi ọ̀kan janlẹ̀, ó fi èkejì janlẹ̀, kò sí omi tó ta jáde. Nígbà náà ni nǹkan tutù kan mú mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mo wolẹ̀. Omi ń sun láti ihò okùn bàtà mi, ó ti yí ẹsẹ̀ mi ká, ó ti ń wá ọ̀nà lọ sábẹ́ tábìlì.

Mo wò ó. Mo fẹ́ kó sọ nǹkan kan, ohunkóhun. Ó dé fìlà rẹ̀. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ kó má baà tẹ omi tó ń jáde lára mi, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bọ́ sínú oòrùn.